Ìlà Karùn-ún Nínú Àkọsílẹ̀ Benedict

Fóònù òkú ni wọ́n bá lápò Babárìndé, ẹ̀jẹ̀ òkú ni wọ́n bá láyà ẹ̀wù rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ará Ìdànrè, ẹjọ́ ti parí síbẹ̀. Àjèjì ni Babárìndé, ará Òkè-Ògùn tó wá ń bá olóko kòkó ṣiṣẹ́, kò sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan nílùú tí yóò bá a dá sí ọ̀rọ̀. Mùjídàt ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ní.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Fẹ́yìsetán ni ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ létí. Ọdún kọkànlélógún rèé tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sì tíì rí apànìyàn tí yóò pa èèyàn tán, tí yóò ki fóònù rẹ̀ bọ àpò, tí yóò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré wá pe ọlọ́pàá. Babárìndé ló sáré wá sí àgọ́ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tó ń mí hẹlẹ, tó ń sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan já láti orí àpáta.

"Kí ni fóònù rẹ̀ ń ṣe lápò rẹ?" Fẹ́yìsetán bi í.

"Ó ń dún nínú koríko, mà. Mo rò pé ará ilé rẹ̀ ló ń pè. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Mo gbé e kọ́ èjìká. Ó ṣì ń mí nígbà yẹn. Ìgbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́."

"O ò rí ẹlòmíì níbẹ̀?"

"Mo rí ẹ̀yìn ẹnìkan láàárín àpáta lókè. Mo pè é pé kó wá bá mi gbé e. Kò bojú wẹ̀yìn."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ẹ̀yìn ni mo rí, mà. Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni."

Irú ìdáhùn báyìí ni kì í jẹ́ kí Fẹ́yìsetán sùn. Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ òpùrọ́, ẹ̀yìn ọ̀hún ì bá ti ní aṣọ, ì bá ti ní gíga, ì bá tilẹ̀ ti ní orúkọ.

Adétáyọ̀ ni òkú náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ Aládùúrà ni. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wọ sùtánà funfun, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn lọ sí Òkè Ìdànrè lọ gbàdúrà níbi tí àwọn ilé àtijọ́ ti ṣófo, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sì mọ èyí. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló já. Ọwọ́ sùtánà rẹ̀ ya láti èjìká, òwú ibẹ̀ sì nà jáde bí ìgbà tí ẹnìkan di ibẹ̀ mú pinpin. Àpáta kì í fa ọwọ́ aṣọ ya bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fà á?

Ẹnìkan ṣoṣo ni ikú Adétáyọ̀ ṣí ọ̀nà fún, ìyẹn Benedict ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló kàwé nípa físíìsì, àwọn méjèèjì ló ń ti Ìdànrè ṣiṣẹ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan nílùú òyìnbó. Àwọn méjèèjì ti gba físà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti sọ pé ẹnìkan ṣoṣo lòun lè mú wá sọ́dọ̀ òun lọ́dún yìí. Adétáyọ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀ pé yóò mú.

Fẹ́yìsetán gba páásípọ́ọ̀tù Benedict lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó lọ bá a nílé.

*

Yàrá kan ni Benedict háyà lẹ́yìnkùlé Màmá Happiness. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún. Ó fún Fẹ́yìsetán ní àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Níbo lo wà láàárọ̀ àná?"

"Ibí yìí, mà. Mo ń ṣiṣẹ́."

"Irú iṣẹ́ wo?"

Ọmọkùnrin náà ronú díẹ̀. "Oòrùn la fẹ́ sè nínú ìkòkò, mà."

"Ìkòkò wo ló gba oòrùn?"

"Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Kò sí irin tí kò ní yọ́. Afẹ́fẹ́ tó gbóná kọjá iná ni, plásímà ni wọ́n ń pè é. Òòfà la fi ń ká a mọ́ láìfọwọ́ kàn án. Plásímà ń tì síta, òòfà ń tì í sínú. Bí agbára méjèèjì bá dọ́gba, ó dúró. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó fọ́n ká."

"Inú yàrá tí kò ní fèrèsé méjì yìí lẹ ti ń sè é?"

Benedict rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ojú tì í pé òun rẹ́rìn-ín. "Ìṣirò rẹ̀ ni, mà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan nílùú òyìnbó ló ń ṣe ìṣirò. Èmi a tẹ àṣẹ níbí, òun a jẹ́ ẹ lọ́hùn-ún."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, ọ̀rọ̀ funfun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ wà lórí rẹ̀. Kò sí àwòrán kankan tí èèyàn lè fọwọ́ tẹ̀. Benedict kọ orúkọ irinṣẹ́ ìṣirò náà síbẹ̀, ó kọ orúkọ fáìlì tó sọ bí òòfà ṣe lágbára tó àti bí plásímà ṣe gbóná tó, ó wá tẹ bọ́tìnnì kan.

"Ó tán?"

"Ó tán, mà. Kò fẹ́ 'jọ̀wọ́', kò fẹ́ 'ẹ kú iṣẹ́'. Ohun tí o bá kọ ló máa ṣe. Bó bá ṣiṣẹ́ tán, yóò dáhùn pé ó dúró, tàbí pé kò dúró. Bó bá dúró, ó máa kọ fáìlì èsì sílẹ̀, èèyàn á wá pàṣẹ kejì pé kó ya àwòrán rẹ̀. Èsì yẹn náà la máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó kàn."

"Bí kò bá dúró ńkọ́?"

"Kò sí èsì nìyẹn. Èèyàn á tún un ṣe."

Ó wá fi àkọsílẹ̀ hàn án. Gbogbo àṣẹ tí èèyàn bá tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ńlá yẹn ń kọ sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀, Benedict kò sì lágbára láti fọwọ́ kan ibẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, àṣẹ méjìlá ló wà níbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni àkọ́kọ́, ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn títí di aago kan ku ogún ìṣẹ́jú.

Fẹ́yìsetán tẹjú mọ́ ọn. "Aago ta nìyí?"

"Aago ọ̀dọ̀ wọn, mà. Wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa."

Obìnrin náà rò pé ọwọ́ òun ti tẹ ẹ. Ó ṣírò rẹ̀ lórí ìka bí ọmọ iléèwé: aago mẹ́sàn-án tiwọn di aago mẹ́jọ tiwa, aago kan ku ogún di aago méjìlá ku ogún. Aago mẹ́wàá tí Adétáyọ̀ já ṣì bọ́ sí àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí èèyàn gun ọ̀kadà láti ibí dé ẹsẹ̀ òkè, kó gun àtẹ̀gùn, kó sì padà, kò lè dín ní wákàtí méjì. Kò sí àyè wákàtí méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú.

"Ìwọ lo tẹ gbogbo rẹ̀?"

"Èmi ni. Ojú mi ò kúrò níbẹ̀, mà."

Màmá Happiness, tí ń bó ẹ̀gẹ́ lójúde, kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bi òun lẹ́ẹ̀mejì. "Ó wà nílé. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ rédíò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọmọ gidi ni, ẹ má dà á láàmú."

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fẹ́yìsetán dá páásípọ́ọ̀tù Benedict padà, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun dá a padà. Ọ̀gá Olútìmẹ́hìn, olórí àgọ́, ní kó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gba ọmọ náà gbọ́. Ohun tó ń dùn ún títí dòní nìyẹn.

*

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mùjídàt ti wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú àgọ́ kí Fẹ́yìsetán tó dé. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Wọ́n ní ọ̀la ni wọ́n ń gbé e lọ sí kóòtù l'Ákùúrẹ́."

"Ọ̀la ni."

"Bí wọ́n bá ti gbé e débẹ̀, ṣé wọ́n á gbọ́ tẹnu rẹ̀?"

"Wọ́n á gbọ́," ni Fẹ́yìsetán wí. Ó mọ̀ pé adájọ́ yóò gbọ́, yóò wo ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n fi í sí àtìmọ́lé títí ẹjọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ímeèlì kan ti dé sórí fóònù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Fẹ́yìsetán ti bẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́ Ẹtì pé kó fi àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta Benedict ránṣẹ́, kì í ṣe ti ọjọ́ kan, kó sì fi ìdáhùn kọ̀ǹpútà kún un. Òyìnbó náà kò kánjú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi í ránṣẹ́ nígbà tí oríṣiríṣi ti ṣẹlẹ̀ tán. Fẹ́yìsetán tẹ̀ ẹ́ síwèé, ó sì jókòó tì í.

Ohun tó kọ́kọ́ rí pa á lẹ́rìn-ín. Benedict a máa bá plásímà jà. Fáìlì tó kọ́kọ́ ṣe á máa jẹ́ "dúró". Bó bá kọ̀, èyí tó kàn á jẹ́ "dúró-jàre". Bó bá tún kọ̀, "jọ̀wọ́-dúró", "ẹ̀gbọ́n-dúró", títí dórí "dúró-kí-n-lè-jẹun". Àṣìtẹ̀ kún ojú ìwé náà bámúbámú. Á ṣi orúkọ irinṣẹ́ tẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní òun ò mọ ohun tó ń wí, á tún un tẹ̀. Nígbàkúùgbà tí plásímà bá sì ti kọ̀, kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí Benedict á ti pààrọ̀ nǹkan kan. Èèyàn gidi ló wà nínú ìwé yẹn, aláìsùúrù èèyàn tí ebi ń pa.

Ó wá ṣí ojú ìwé Ọjọ́bọ̀.

Àṣẹ méjìlá. Kò sí àṣìtẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sí "jàre", kò sí "jọ̀wọ́". Àwọn fáìlì kàn ń jẹ́ kìíní, ìkejì, ìkẹta, lọ bẹ́ẹ̀. Ìlà kìíní ṣe ìṣirò, ó dúró. Ìlà kejì ya àwòrán rẹ̀. Ìlà kẹta ṣe ìṣirò, ó dúró. Ìlà kẹrin yà á. Ìlà karùn-ún ṣe ìṣirò, kọ̀ǹpútà sì dáhùn pé: kò dúró.

Ìlà kẹfà, ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn: ya àwòrán rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ní: kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀.

Ìlà keje: fi èsì náà bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó kàn. Kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹjọ, kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Títí dórí ìlà kejìlá, ẹ̀ẹ̀meje gbáko ni kọ̀ǹpútà pariwo pé kò sí fáìlì, ẹ̀ẹ̀meje ni àṣẹ tó kàn sì dé ní ogún ìṣẹ́jú géérégé, bí ẹni pé ohun gbogbo ń lọ dáadáa.

Fẹ́yìsetán dìde. Ẹni tí kì í lè fara dà á fún ìṣẹ́jú méjì bí plásímà bá kọ̀, kí ló dé tó fara dà á fún ju wákàtí méjì lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Ó kọ ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ṣé èèyàn lè to àṣẹ méjìlá sílẹ̀, kó ní kí kọ̀ǹpútà máa sinmi ogún ìṣẹ́jú láàárín wọn, kó sì bá tirẹ̀ lọ? Lọ́tẹ̀ yìí, ìdáhùn yára dé: bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí a bá fẹ́ lọ sùn.

*

Ó gba ilé Màmá Happiness lọ lórí ọ̀kadà.

"Màmá, ẹ ní Benedict wà nílé. Ṣé ẹ fojú rí i?"

"Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dún."

"Mo gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá náà gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Èmi ò rí i, ìyá. Mo kàn gbọ́ ẹ́ńjìnnì." Nígbà tó yá ó ní, "Ṣé mo ti wá purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Níbo ló wà báyìí?"

"Ó ti lọ sí Èkó lánàá. Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ti pè é. Ó ní ọ̀sán òní ni ọkọ̀ òfuurufú wọn. Gbogbo wa la gbàdúrà fún un."

Fẹ́yìsetán pè é níbi tó dúró sí. Fóònù dún títí kó tó gbé e. Ariwo èrò wà lẹ́yìn rẹ̀, ohùn obìnrin kan sì ń pe nọ́ńbà ọkọ̀ òfuurufú.

"Benedict, ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ìlà karùn-ún ò dúró, kí lo ṣe?"

Fẹ́yìsetán kò dúró de èsì.

"Ìlà kẹfà ní kí wọ́n ya àwòrán ohun tí kò sí. Ìlà keje náà ń wá ohun tí kò sí. Ojú rẹ ò kúrò níbẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lo wí?"

"Bóyá mo sùn lọ, mà." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an.

"Pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ tí kò jẹ́ kí ìyá onílé gbọ́ rédíò?"

"Èèyàn lè sùn, mà."

"Ta ló fa ọwọ́ aṣọ Adétáyọ̀ ya?"

Fẹ́yìsetán ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó mọ irú èémí yẹn. Ó ti gbọ́ ọ nínú yàrá ìbéèrè lọ́pọ̀ ìgbà, èémí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí ọmọkùnrin yìí bá wà níwájú rẹ̀ báyìí, tí omi kọ́ọ̀pù kan wà láàárín wọn, yóò jẹ́wọ́ kí omi náà tó tán.

"Babárìndé níyàwó, Benedict. Obìnrin náà ti ń jókòó níwájú àgọ́ láti ọjọ́ márùn-ún."

"Wọ́n ń pè wá wọlé, mà."

"Má wọlé. Benedict, mo bẹ̀ ọ́, má wọlé."

"Ta ló máa ṣàlàyé ìwé yẹn fún adájọ́, mà?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi í bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, ẹkún sì wà lóhùn rẹ̀. Ó sì pa fóònù.

*

Ọ̀gá Olútìmẹ́hìn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní kí Fẹ́yìsetán tún ìlà karùn-ún ṣàlàyé fún òun. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló pe ẹni tó mọ̀ l'Ékòó pé kí wọ́n dá ọmọkùnrin náà dúró. Ẹni yẹn bèèrè ìwé àṣẹ kóòtù tí wọ́n máa fi dá a dúró. Wọn kò ní in. Kí wọ́n tó rí agbẹjọ́rò tí yóò kọ ọ́, aago mẹ́ta ti lù, ọkọ̀ òfuurufú sì ti gbéra.

"Sà, ọmọ náà kò sí nílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹni tí iṣu rẹ̀ jóná lórí iná kì í na ọwọ́ mú ọmọ odó. Ẹ̀ẹ̀meje ló na ọwọ́ mú un!"

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, Fẹ́yìsetán. Ìwé yìí sọ pé kò sí nídìí kọ̀ǹpútà. Ṣé ó sọ pé ó wà lórí òkè?"

"Rárá, sà."

"Ta ló rí i lórí òkè?"

"Babárìndé rí ẹ̀yìn rẹ̀."

"Afurasí tó wà lọ́wọ́ wa nìyẹn. Òyìnbó yẹn ńkọ́, ṣé yóò búra pé ọmọ náà kò sùn?"

Fẹ́yìsetán ti bi í. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti dáhùn pé òun lè jẹ́rìí sí ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, òun kò lè jẹ́rìí sí ibi tí èèyàn jókòó sí, àti pé inú òun bàjẹ́ gidigidi. Ní gbogbo Ìdànrè, èèyàn méjì péré ló mọ iṣẹ́ plásímà dé ibi tí wọ́n fi lè dúró níwájú adájọ́ kí wọ́n tú u palẹ̀. Ọ̀kan wà ní mọ́ṣúárì. Ìkejì wà lójú sánmà.

"Èmi ni mo dá páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ padà," ni Fẹ́yìsetán wí.

"Èmi ni mo ní kí o ṣe é."

"Ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀, sà."

Ọ̀gá rẹ̀ ti fáìlì náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kọ gbogbo ohun tí o rí. Fi kún un. Bóyá lọ́jọ́ kan, agbẹjọ́rò kan á kà á."

Ó kọ ọ́. Ó kọ ojú ìwé mẹ́rin, ó sì mọ̀ bó ti ń kọ ọ́ pé àwọn tó máa gbà á l'Ákùúrẹ́ yóò rí ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ kí wọ́n tó rí ìwé. Ó kọjá níwájú sẹ́ẹ̀lì nígbà tó ń gbé fáìlì lọ. Babárìndé dìde, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò bèèrè nǹkan kan. Ì bá sàn kí ọkùnrin náà bú u.

Lóde, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé bẹ́ǹṣì. Ọlọ́pàá kan ti yọ́ ọ sọ. Mùjídàt sáré wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí símẹ́ńtì.

"Mà, wọ́n ní ẹ ti rí ẹni tó ṣe é."

"Mo ti rí i, Mùjídàt."

"Àlùhámúdúlíláì! Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Mo sọ fún wọn. Mo sọ fún wọn pé ọkọ mi ò lè pa ẹran, ká má tíì sọ èèyàn." Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ mú aṣọ mìíràn wá fún un, mà, kó má bàa wọ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn wálé. Èwo ni kí n mú?"

Ọgbọ́n ọdún mọ́kànlélógún wà lórí Fẹ́yìsetán, kò sì rí èyí tó wúlò nínú rẹ̀.

"Mú èyí tó nípọn," ó ní. "Mú méjì. Ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ tutù."

Mùjídàt ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń mi orí pé òun ti gbọ́.